Mo gbé dáṣíbọ́ọ̀dù sórí cloud, mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí aago 11 ń lọ lù, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwa ọ̀rẹ́ pé, "Ó ti jáde o! Ẹ bá mi yọ̀." Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti oṣù méjì ló parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìtìjú ò jẹ́ kí n lè ka ìkíni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Iṣẹ́ náà ò le lójú mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ọlọ́jà kan n'Ìbàdàn ló gbé e fún mi. Inú ìwé ńlá kan ni akọ̀wé wọn ń kọ gbogbo nǹkan sí: iye tí kálukú dá, ẹni tó yáwó, ẹni tó ti san, ẹni tó ṣì jẹ. Wọ́n fẹ́ kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí Màmá Alága lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn, kí wọ́n sì rí gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí a ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù alábòójútó nìyẹn. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ nìkan ló yẹ kó máa wọ ibẹ̀, torí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, BVN wọn, àti gbèsè tó wà lọ́rùn oníkálukú.

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù mọ̀ pé "ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi" ò tíì débì kankan. Ìgbà tí mo gbé e dé orí cloud ni mo rí nǹkan.

Àkọ́kọ́, kò tiẹ̀ gbà rárá. Mo pe fáìlì kan ní Members, mo wá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ níbi tí mo ti fẹ́ lò ó. Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi ò ka ìyẹn sí. Linux ló wà lórí sáfà, lójú Linux, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi wá lẹ́tà kan ṣoṣo.

Nígbà tó gbà tán, ojú ewé funfun báláú ló gbé wá. Kóòdù mi ṣì ń lọ wá détà ní localhost. Localhost ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń pe ara rẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé, tí Màmá Alága bá ṣí i, inú fóònù tiwọn ni yóò ti máa wá àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Mo tún ìyẹn ṣe. Ni refresh bá tún gbé tiẹ̀ dé: mo ṣe refresh, ó kọ 404. Ojú ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ìyókù, kóòdù ló ń yà wọ́n sínú browser. Àfi kí ẹ sọ fún sáfà pé ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè, index.html ni kó máa gbé fún wọn.

Gbogbo ìyẹn, wàhálà kékeré ni. Ohun tó ń pani, kì í pariwo.

Nígbà tó di nǹkan bí aago 10, kóòdù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń béèrè détà ti wọlé lóòótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyókù ń ṣiṣẹ́. Ni mo bá pa á. Mo ní fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, màá dá a padà. Ìyókù ṣiṣẹ́, inú mi dùn, mo gbàgbé. Ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ páswọ́ọ̀dù ṣì wà níwájú, ó ń dán gbinrin. Ẹni tó bá rí i máa rò pé ilé ti wà ní títì. Géètì nìkan ni mo tì, kò sí ògiri lẹ́yìn ilé.

Àárọ̀ Sátidé, àbúrò kan tí mo ń kọ́ ní kóòdù pè mí. Mo ti fi lìǹkì ránṣẹ́ sí i pé kó bá mi wò bó ṣe rí lórí fóònù tiẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Mo ń rí BVN àwọn ìyá yìí."

"Ta ló fún ẹ ní páswọ́ọ̀dù?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi, sà. Mi ò tíì login."

Kò pidán kankan. Ó kàn gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ṣí irinṣẹ́ tó wà nínú browser gbogbo wa, ó ka kóòdù tí sáìtì mi fi ránṣẹ́ sí i, ó rí àdírẹ́sì tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń bu détà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè, ó tẹ Enter. Orúkọ ènìyàn tó lé ní igba jáde. Nínú kóòdù yẹn kan náà ló ti rí kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń rán SMS sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Tí gbájúẹ̀ kan bá rí ìyẹn, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò fi máa ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n san owó oṣù yìí sí àkáǹtì tuntun. Àwọn ìyá yẹn yóò sì san án.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri náà lẹ́nu.

Mo fa sáìtì náà lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo pa kọ́kọ́rọ́ SMS yẹn, mo gba òmíràn. Ẹ má rò pé kí ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú kóòdù ti tó: ohun tó bá ti jáde ti jáde, Git pàápàá ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ ti pa rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wo àkọsílẹ̀ àwọn tó wá síbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀, àwọn bot náà sì ti dé. Wọn ò dúró de kí n polówó. Ìwé-ẹ̀rí HTTPS tí wọ́n bá fún àdírẹ́sì tuntun máa ń wọ inú àkọsílẹ̀ gbangba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí orúkọ ẹni. Wọ́n ti kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń wá .env àti wp-admin. Orí ló bá mi ṣe é, wọn ò kan èyí tó ṣí sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé, "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Tún un ṣe, kó o pa ẹnu mọ́." Mo rò ó o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà ńlẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn tọ́jú détà gbọ́dọ̀ sọ fún oní-détà náà tí nǹkan bá yọ. Bí ewu bá wà níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn, wákàtí 72 ni ẹgbẹ́ ní láti fi tó àjọ NDPC létí. Èmi kọ́ ló máa dá a pinnu pé ewu ò sí. Détà mi kọ́.

Mo lọ bá Màmá Alága ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣe àṣìṣe kan." Mo ṣàlàyé.

"Ṣé owó ti lọ ni?"

"Rárá, mà."

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé wa tó o ní kò bá ìgbà mu yẹn, inú àpótí irin ló ń sùn. Akápò ní kọ́kọ́rọ́ kan, èmi ní èkejì. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ èyí tí ìwọ ṣe?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ lẹ́nu ara mi nípàdé. Níbẹ̀ ni ìyá kan ti bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ ń fi BVN wọn ṣe. Mo wo akọ̀wé, akọ̀wé wo mi. Kò sóhun tí a ń fi ṣe! Mo kàn rí i nínú fọ́ọ̀mù àwọn ẹlòmíràn ni, mo fi sí tèmi. A yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí olè tó lè jí ohun tẹ́ ẹ ò gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé àwa ọ̀dọ́ fẹ́ràn ká máa kígbe pé a ti gbé nǹkan jáde. A máa ń ka iye ọjọ́ tó gbà wá, kò sẹ́ni tó ń bi wá pé ṣé ó tì. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud yìí, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn. Amazon fúnra wọn ń sọ ọ́ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ààbò pín sí méjì: àwọn á ṣọ́ ilé àti ẹ̀rọ wọn, ìwọ ni wàá ṣọ́ ohun tó o gbé síbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ, tìrẹ ni.

Torí náà, kí ẹ tó kígbe, ẹ ṣí browser tí kò mọ̀ yín rí, ẹ má login, kí ẹ béèrè détà lọ́wọ́ gbogbo àdírẹ́sì tí dáṣíbọ́ọ̀dù yín ń lò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi VITE_ tàbí NEXT_PUBLIC_ ṣáájú orúkọ rẹ̀, gbangba lẹ kọ ọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ má sì gbé nǹkan jáde nígbà tí oorun bá ti ń kùn yín.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo padà lọ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Màmá Alága ò béèrè bó ṣe lẹ́wà tó. Wọ́n ní, "Gbìyànjú kó o wọlé láìsí kọ́kọ́rọ́, kí n rí i." Mo lẹ àdírẹ́sì ọjọ́sí mọ́ òkè, mo tẹ Enter. 401.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò mọ̀ mí, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá pe akọ̀wé pé kó gbé ìwé ńlá náà wá.