Ìlú Tálákà Lórí Òkè: Ọjọ́ Kan ní Assisi

Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ ìdílé láti Róòmù lọ sí Assisi, ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wòkè: ìlú náà nìyẹn, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè Subasio, àwọn ilé tí wọ́n fi òkúta òkè náà kọ́ sì pupa rẹ́súrẹ́sú nínú oòrùn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ibùdó ọkọ̀ wà, ní àdúgbò tó ń jẹ́ Santa Maria degli Angeli. Bọ́ọ̀sì tó ń gòkè ni gbogbo èrò máa ń sáré wọ̀. Ìdílé tó bá gbọ́n kì í tíì wọ̀ ọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì gàgàrà kan wà ní àdúgbò náà. Lábẹ́ òrùlé rẹ̀ tó ga fíofío, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tún wà, Porziuncola, tí kò ju yàrá kan péré lọ. Ilé nínú ilé! Ta ni ọmọdé tí ìyẹn ò ní yà lẹ́nu? Èyí tó kéré yìí ni Francis Mímọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1200, ìtòsí rẹ̀ náà ló sì kú sí ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1226. Èyí tó tóbi, ọdún 1569 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti fi bo ti àkọ́kọ́.

Ọmọ olówó ni Francis. Pietro di Bernardone, bàbá rẹ̀, ń ta aṣọ. Ọmọ ń ná ìnákúnàá. Ó bá àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ bá ìlú Perugia jagun ní 1202, wọ́n mú un, ó sì lo nǹkan bí ọdún kan lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn èyí, fàájì ò wù ú mọ́. Ó ń tọ́jú adẹ́tẹ̀, ó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń wó ṣe, ó sì kó aṣọ nínú ọjà bàbá rẹ̀, ó tà á kó lè rówó ṣe é. Bàbá fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Níwájú gbogbo èèyàn, Francis bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀, ó dá a padà fún bàbá, bíṣọ́ọ̀bù ló fi aṣọ tirẹ̀ bo ìhòòhò rẹ̀. Bó ṣe di tálákà nìyẹn.

Nítorí ọkùnrin yìí ni Póòpù John Paul Kejì ṣe pe àwọn olórí ẹ̀sìn àgbáyé jọ sí Assisi ní 1986 láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Nígbà tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún tún pè wọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀. Ó ṣojú Ifá àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìsàlẹ̀ yìí gan-an. Òbí Yorùbá tó bá mú ọmọ débẹ̀ tí kò sọ èyí fún un, ó jẹ ọmọ náà ní gbèsè.

Ó wá tó àkókò láti wọ bọ́ọ̀sì. Kí wọ́n má bọ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè ìsàlẹ̀. Kí wọ́n dé Piazza Matteotti lókè pátápátá, kí wọ́n wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àtẹ̀gùn ni ojú ọ̀nà ìlú náà. Ìyá tó bá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ á jìyà. Ọ̀já ló dáa jù níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Clare Mímọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn. Clare ni ọmọbìnrin tó sá kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀ lóru láti tẹ̀ lé Francis. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbàgede ìlú, níbi tí òpó mẹ́fà tẹ́ńpìlì Minerva ṣì dúró sí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Jésù. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi inú rẹ̀ ṣe báyìí. Ebi á ti máa pa ọmọ. Torta al testo ni kí wọ́n rà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki wàràkàṣì, ẹran tàbí ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀.

Níwájú díẹ̀ ni ibi tí wọ́n ní Francis ti bọ́ṣọ. Níbẹ̀ ni òkú Carlo Acutis wà, lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú jíǹsì àti bàtà kánfáàsì. London ni wọ́n bí i sí ní 1991, Milan ló dàgbà sí, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì pa á lọ́mọ ọdún 15 ní 2006. Ó mọ kọ̀ǹpútà lò, òun ló ṣe àkójọ iṣẹ́ ìyanu sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Póòpù Leo Kẹrìnlá kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹni tó ní kí wọ́n tẹ́ ọmọ oníjíǹsì síbi tí ọmọ aláṣọ ti bọ́ṣọ mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀ṣì Francis fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ní 1228, ọdún tí Póòpù Gregory Kẹsàn-án kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: ṣọ́ọ̀ṣì méjì lórí ara wọn, sàréè lábẹ́ wọn. Wọ́n gbé òkú náà pamọ́ débi pé 1818 ni wọ́n tó rí i. Àwòrán ìgbésí ayé rẹ̀ 28 wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Giotto ló yà wọ́n, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ò gbà. Èyí tó ti ń wàásù fún ẹyẹ ni kí wọ́n fi han ọmọ. Kí wọ́n wo àjà náà: ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1997, ìmìtìtì ilẹ̀ já apá kan rẹ̀ lulẹ̀, èèyàn mẹ́rin kú. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣa àfọ́kù àwòrán jọ, wọ́n tò wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ọmọ bá wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yìí tó wá béèrè pé, “Ṣebí ẹ ní tálákà ni Francis?” kí wọ́n má bá a wí. Àwọn ọmọlẹ́yìn Francis náà jà lórí ìbéèrè yìí, wọ́n sì pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bóyá ó yẹ kí àwọn ní dúkìá.

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí, kí èjìká àti orúnkún wà lábẹ́ aṣọ, kí ẹ̀rọ ayàwòrán wà nínú àpò. Kí ìdílé tó ní ọmọ kékeré sì yàgò fún ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ ọdún Francis ni. Lọ́dọọdún ni ẹkùn kan ní Ítálì máa ń gbé òróró wá fún àtùpà tó ń jó ní sàréè rẹ̀, àwọn aláṣẹ ìjọba á dé, èrò á sì kún ìlú dẹ́nu. Ọjọ́ mìíràn tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ ló dáa fún wọn, bọ́ọ̀sì tó ń padà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà.