Ọgbọ́n Ju Agbára Lọ: Àlàyé lórí Gbígbé Ìtì Gẹdú Sórí Agbégilódò ní Agbègbè Kábà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ìtì igi tó gùn tó sì wúwo ṣe ń dé orí ọkọ̀ níbi tí kò sí kiréènì. Ó yẹ iṣẹ́ igi ìdàgẹ̀rẹ̀, okùn àti ọ̀pá ìyígi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé irinṣẹ́ kì í dín iṣẹ́ kù, ńṣe ló ń pín in. Kókó tó fà yọ ni pé ohun tó ń gba ẹ̀mí là níbi iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun tó ń gbé igi lọ sókè, bí kò ṣe ohun tí kì í jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn.

Ìfáárà

Àwọn Owé tí wọ́n ni Kábà, pẹ̀lú àwọn Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Òwòrò, ni wọ́n para pọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Inú ìkíni wọn ni orúkọ náà ti jáde. Ilẹ̀ wọn wà níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, òkè àpáta sì pọ̀ níbẹ̀. Ìrókò, àràbà àti apá wà lára àwọn igi ńláńlá tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń hù.

Ní agbègbè Ṣápẹlẹ̀ àti àwọn ibi olómi mìíràn, odò a máa bá ènìyàn gbé igi: wọ́n á so ìtì pọ̀, omi á sì gbé e lọ. Ní Kábà, orí ilẹ̀ ni gẹdú ń gbà, agbégilódò ló sì ń gbé e. Kí ìtì tó lè rìnrìn àjò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀ dé orí ọkọ̀. Ìwọ̀n ìrìn yìí kò ju mítà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló léwu jù.

Ìwọ̀n Ẹrù

Bí ìtì kan bá gùn ní mítà 5, tí ìbú ojú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, yóò gba àyè tó lé díẹ̀ ní mítà oníhà mẹ́ta 2.5. Ọ̀pọ̀ igi líle tí omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 1,000 kìlógíráàmù fún mítà oníhà mẹ́ta kan. Ìtì náà yóò wọ̀n tó 2,500 kìlógíráàmù, ìyẹn àádọ́ta àpò sìmẹ́ńtì lójú kan náà. Àpò sìmẹ́ńtì ṣe é gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìtì igi kò ṣe é tú palẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà ni wọ́n ń tú palẹ̀ dípò ẹrù.

Igi Ìdàgẹ̀rẹ̀

Kèrékèré lejò ń gun àgbọn. Igi méjì tó nípọn, tí gígùn wọn dọ́gba, ni wọ́n máa ń fi ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n á sì ri ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà yọ̀. Ìtì á dùbúlẹ̀ lórí méjèèjì, á sì máa yí lọ sókè. Bí orí ọkọ̀ bá ga ní mítà 1.2, tí igi ìdàgẹ̀rẹ̀ sì gùn ní mítà 4.8, ọ̀nà náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin gíga ọkọ̀. Agbára tí ìtì náà ń béèrè yóò sì dín kù sí ìdá mẹ́rin, ìyẹn 625 kìlógíráàmù. Bí wọ́n bá gé igi ìdàgẹ̀rẹ̀ kúrú nítorí ìkánjú, ọ̀nà yóò dà bí ògiri, ẹrù yóò sì tún padà sí ọrùn ènìyàn.

Okùn Tó Gba Abẹ́ Ìtì

Wọ́n á so orí okùn kan mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n á fà á gba abẹ́ ìtì, wọ́n á mú un yí i ká, wọ́n á sì ju orí kejì sí òdì-kejì ọkọ̀, níbi tí àwọn afàyà-fagi wà. Okùn méjì báyìí ni wọ́n ń lò, ọ̀kan ní ìdí ìtì, ọ̀kan ní orí rẹ̀. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ti di ìdajì ẹrù mú, ìdajì yòókù nìkan ló kù fún àwọn tó ń fà: 625 á di nǹkan bí 312. Bí ènìyàn méjìlá bá ń fà á, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ru kìlógíráàmù 26. Èèpo igi àti ẹrẹ̀ yóò fi kún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti di ohun tí ọwọ́ ká.

Irinṣẹ́ kì í fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìtì tó gun mítà 1.2 sókè, mítà 9.6 okùn ni wọ́n ní láti fà. Bí a bá sọ 2,500 di ìlọ́po 1.2, tí a sì sọ 312.5 di ìlọ́po 9.6, iye kan náà ni méjèèjì, ìyẹn 3,000. Ohun tí agbára kò san, ọ̀nà ló san án.

Ànfàní kejì wà nínú okùn yìí tí ó ṣe pàtàkì ju ìṣirò lọ. Ọkọ̀ ló wà láàrin àwọn tó ń fà àti ìtì. Bí ọwọ́ bá yọ̀, ìtì yóò yí lọ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni.

Ọ̀pá Ìyígi

Ọ̀pá líle tó gùn ní mítà 2 ni wọ́n fi ń jí ìtì lójú oorun àti láti tún un ṣe nígbà tó bá wọ́. Bí òkúta tí wọ́n fi rọ ọ̀pá bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ìtì, apá tó kù sọ́wọ́ jẹ́ 175, ìlọ́po méje. Ẹni tó bá fi 40 kìlógíráàmù tẹ̀ ẹ́ yóò fi 280 ti ìtì. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá rin sẹ̀ǹtímítà méje, ọ̀kan péré ni ìtì yóò sún.

Ilẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Irinṣẹ́

Ní ilẹ̀ olókè bí ti Kábà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí awakọ̀ bá gbé ọkọ̀ sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti ya, tí orí ọkọ̀ sì bá ilẹ̀ òkè dọ́gba, kò sí gígùn kankan mọ́. Ìtì á kàn yí kọjá ni. Kí wọ́n tó gé igi ìdàgẹ̀rẹ̀ kankan, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ibi Tí Ewu Wà

Ìdí ìtì a máa tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ní yíyí kọ̀ọ̀kan, ìdí ń rìn jìnnà ju orí lọ, ìtì á sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, ó lè bọ́ lórí igi ìdàgẹ̀rẹ̀. Olùdarí kan ṣoṣo ló yẹ kó máa pàṣẹ, kí ó sọ ìgbà tí ìdí yóò dúró de orí. Àṣà yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ibojì Djehutihotep ní Íjíbítì, tó ti wà fún nǹkan bí 3,900 ọdún, àwòrán kan fi ọ̀wọ́ ènìyàn hàn tí wọ́n ń fi okùn fa ère ńlá kan. Ẹnì kan dúró lórí orúnkún ère náà, ó ń pàtẹ́wọ́ kí ìfà wọn lè ṣọ̀kan.

Ewu ńlá jù lọ ni ìgbà tí àwọn afàyà-fagi fẹ́ mí. Ní àkókò náà, ọwọ́ tó ti rẹ̀ nìkan ló di 2,500 kìlógíráàmù mú. Nítorí náà ni wẹ́ẹ̀jì fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìtì ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Ẹni tó ń fi í sí i gbọ́dọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ orí tàbí ìdí ìtì, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ láé. Wẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú, kí igi sì ti abẹ́ ọkọ̀ ró ní apá tí ìtì ń gbà wọlé, nítorí ìwọ̀n tó bá bà lé etí ọkọ̀ lè yí i ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ojú ìlà okùn, torí okùn tó bá já a máa ta padà bí pàṣán.

Níbi tí owó iṣẹ́ bá jẹ́ ti iye ọkọ̀ tó kún lóòjọ́, wẹ́ẹ̀jì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fò, nítorí kò gbé ìtì sókè, àkókò ló sì ń gbà. Ẹsẹ̀ tí ìtì bá tẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà, owó ọkọ̀ kan kò sì tó rà á.

Ìkádìí

Ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi àwòrán kọ́ni ni àwọn agbégi ń fi ara ṣe. Olùkọ́ lè so méjèèjì pọ̀ nínú kíláàsì: ìgò tó kún fún omi dípò ìtì, rúlà méjì dípò igi ìdàgẹ̀rẹ̀, òwú dípò okùn, páálí dípò ọkọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fà á sókè, kí ó sì jọ̀wọ́ òwú láìfi wẹ́ẹ̀jì sí i, yóò rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, okun ni agbára, okùn sì ni ohun tí wọ́n fi ń fa ẹrù. Iṣẹ́ gẹdú ń béèrè méjèèjì, ṣùgbọ́n wẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà lẹ́yìn ìtì ni kì í jẹ́ kí méjèèjì já sí òfo.