Mo gun Honda XR150L wọ oko Ìbàràpá: ohun tó fi yàtọ̀ sí ọ̀kadà tí a mọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi orúkọ. Ọ̀kadà tí gbogbo wa ń pè é yìí, orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni, Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ tó sì fi orúkọ ìlú ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Edo pè. Àwọn èèyàn ló fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ alùpùpù tó ń gba àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá bí ẹni ń fò, bí eré bí àwàdà, ó di orúkọ ẹ̀. Àmọ́ alùpùpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀kadà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọmọdé tó rí mi lórí ẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀. Alùpùpù oko ni, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà.

Ìdí tí mo fi gùn ún ni ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní agbègbè Ìbàràpá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọdé ní abúlé tí mọ́tò kì í dé. Àwọn abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé kiri bí ẹ̀kọ tútù. Inú páálí onítutù tí yìnyín wà ni wọ́n ń gbé wọn sí, kí òtútù ibẹ̀ lè wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè bàjẹ́. Lásìkò òjò tó kọjá, ọlọ́kadà tó háyà já a sílẹ̀ létí odò, ó ní táyà òun ò lè la ẹrẹ̀ yẹn kọjá. Ó fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tó fi máa dé, yìnyín ti yọ́ tán, ó gbé páálí padà sílé láìfún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́.

Ó bá lọ gba owó àjẹmọ́nú ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, ó fi ra Honda XR150L tuntun. Ilé dà rú. Ìyá ẹ̀ ní ṣé obìnrin ló máa máa gun irú nǹkan gíga báyìí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní owó yẹn á ra Boxer, á sì ṣẹ́kù. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n wá bá wọn dá sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n gùn ún fún ọjọ́ méjì ná.

Ohun àkọ́kọ́ téèyàn máa rí ni gíga. Láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó ẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 825. Èmi kì í ṣe èèyàn kúkúrú, síbẹ̀ ìka ẹsẹ̀ mi ló ń kan ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ò tẹ́ dáadáa. Ọmọ àbúrò bàbá mi kúrú jù mí lọ, àmọ́ ó ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Tó bá fẹ́ dúró, á sún ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìjókòó, á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wà lórí bíréèkì. Kò gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ rárá. Ṣòkòtò ló ń wọ̀ sábẹ́ yẹ́rì ẹ̀.

Gíga yẹn kì í ṣe fún fáàrí. Inú alùpùpù yẹn jìnnà sílẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà oko tí taya ọkọ̀ àjàgbé ti gbẹ́ kòtò méjì sí, tí ebè kan wà láàárín. Ọ̀kadà lásán á fi abẹ́ ẹ́ńjìnnì gbá ebè yẹn, ẹ ó gbọ́ ọ: kàù! Èyí gba orí ẹ̀ kọjá.

Ìkejì ni táyà iwájú. Ti Boxer BM150 jẹ́ ìwọ̀n 17, ti XR yìí jẹ́ 19, ẹ̀yìn ẹ̀ ló jẹ́ 17. Àwọn alùpùpù tí wọ́n fi ń díje nínú ẹrẹ̀ tiẹ̀ máa ń lo 21 níwájú. Ẹ lè máa rò pé kí ni íǹṣì méjì lè ṣe. Ẹ ti rí bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe máa ń há sínú kòtò tí kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà á gba orí ẹ̀ kọjá? Nǹkan kan náà ni. Táyà tó bá tóbi, kòtò ò lè gbé e mì, ṣe ló máa gun etí kòtò náà díẹ̀díẹ̀ dípò kó forí sọ ọ́. Ríìmù onísipóòkù ló sì wà lára ẹ̀. Sipóòkù máa ń fara rọ díẹ̀ tí òkúta bá gbá a, mẹkáníìkì abúlé sì lè fa èyí tó bá dẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ó gùn, ó sì rọ̀. Níbi tí mo ti ń retí kí ẹ̀yìn mi dún, ṣe ni alùpùpù náà kàn rì, tó tún gbéra. Àmọ́ ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, ọmọ náà ń pariwo láti ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà tó gbé e tẹ̀ lé mi: “Bọ̀dá, ẹ dìde o! Ẹ má jókòó síbẹ̀!”

Ọ̀rọ̀ ìdìde yìí ló yẹ kí n ṣàlàyé dáadáa, torí òun gan-an ló ya ẹni tó ń gun alùpùpù oko sọ́tọ̀ sí ọlọ́kadà. Tí ẹ bá jókòó, gbogbo wúwo yín wà lórí ìjókòó. Bí táyà ẹ̀yìn bá gun òkúta, ó gbé ẹ̀yin náà sókè, ọwọ́ yín á fa háńdù láìmọ̀, ibi tẹ́ ò fẹ́ lẹ ó forí lé. Tí ẹ bá dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀, tí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, tí ẹ fi orúnkún méjèèjì di táǹkì epo mú, wúwo yín ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀. Alùpùpù lè máa jó sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ yín, ara yín á dúró. Ẹsẹ̀ yín di ṣọ́ọ̀kì kejì. Ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ le lórí háńdù. Ẹni tó bá di háńdù mú bí ẹni di ewúrẹ́ tó fẹ́ sá, kí ó tó tó ogún ìṣẹ́jú apá á ti máa ro ó.

Láàárín wákàtí kan mo ti ń gbádùn ẹ̀. Mo rí igi káṣú, mo rí àwọn tó ń gé pákí nínú oko, mo ń ju ọwọ́ sí wọn. Ìgbà yẹn la dé ibi tí yanrìn pọ̀ sí.

Yanrìn yàtọ̀ o. Táyà iwájú fẹ́ máa rì, ó ń mì lọ mì bọ̀, ọkàn yín á sì sọ pé kí ẹ dín eré kù. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Tí ẹ bá jáwọ́ nínú epo, gbogbo wúwo á bọ́ síwájú, táyà iwájú á rì pátápátá. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fara sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wà ní jíà kejì, kí epo máa lọ déédéé, kí ẹ jẹ́ kó mì bó ṣe fẹ́. Bíréèkì iwájú, ẹ gbàgbé ẹ̀ níbẹ̀. Onídíìsì ni, ó mú gan-an, orí ọ̀dà ló ti wúlò jù. Ti ẹ̀yìn jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù bíi ti ọ̀kadà.

Yanrìn àti àwọn alùpùpù irú èyí ti jọ ń bá ara wọn fà á tipẹ́. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré ìje láti Paris lọ sí Dakar, tó gbéra ní ìparí ọdún 1978, tí wọ́n gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, alùpùpù ló gba ipò kìíní lórí gbogbo ọkọ̀ yòókù: Cyril Neveu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lórí Yamaha XT500. Àwọn mọ́tò ńlá wà níbẹ̀ o.

Ẹ́ńjìnnì ti XR yìí ò lágbára bẹ́ẹ̀. 149cc ni, atẹ́gùn ló ń tù ú, kabúrétọ̀ ló ń lò, jíà márùn-ún. Tí ẹ bá gbé e sí ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ò ní rí ohun fi yangàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Kabúrétọ̀ jẹ́ ohun tí mẹkáníìkì létí ọ̀nà Èrúwà lè tú palẹ̀ kó sì tò padà láìlo kọ̀ǹpútà. Agbára tó wà níbẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà oko ti nílò ẹ̀. Mo gun òkè olókùúta kan ní jíà kìíní, bí ẹni ń rìn, kò kú. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo fi í sí jíà kìíní bẹ́ẹ̀ náà, mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń dá a dúró, mo kàn ń fi bíréèkì ẹ̀yìn ràn án lọ́wọ́ ni.

Odò tó fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí náà, a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Omi ò pọ̀, ẹrẹ̀ ló pọ̀. Mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ wò ká tó gùn ún, bí ọmọ náà ṣe máa ń ṣe. Ó ní tó bá ti ju orúnkún òun lọ, òun ò ní gùn ún. Táyà ẹ̀yìn yí lásán díẹ̀, ó wá gbá ilẹ̀ mú, mo bọ́ sí òdìkejì. Ọlọ́kadà tó tẹ̀ lé wa dúró, ó ń wò wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé mò ń polówó fún wọn. Ó wúwo, nǹkan bíi kílò 129 tí epo bá wà nínú ẹ̀. Tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, ẹni tó dá wà máa jìyà kó tó gbé e dìde. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kéèyàn kọjú ẹ̀yìn sí i, kó di háńdù àti abẹ́ ìjókòó mú, kó fi itan gbé e. Táyà ẹ̀ tún máa ń dún lórí ọ̀dà, tí òjò bá rọ̀ ẹ ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró. Ìjókòó ẹ̀ tínrín, ẹni tó bá fẹ́ máa gbé èrò mẹ́ta kó má wulẹ̀ náwó. Pátì ẹ̀ ò sì sí káàkiri bíi ti Bajaj, tó jẹ́ pé iyá tó ń ta ata náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ní pọ́lọ́ọ̀gì nílé. Ìyẹn ni ẹ̀rù tó bà mí jù fún ọmọ náà. Mo ní kó ra túùbù méjì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì àti ọwọ́ bíréèkì sílé kí èyí tó wà lára ẹ̀ tó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ akoto ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ títí. Ní January 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú un, igbá ni àwọn ọlọ́kadà kan dé sórí, àwọn míì dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nínú oko, eré ò pọ̀, àmọ́ ẹ̀ka igi àti òkúta wà. Ẹ dé ojúlówó, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni alùpùpù máa ń sùn lé tó bá ṣubú.

Mo sọ fún ìyá ẹ̀ pé owó náà ò ṣòfò. Ìyá náà ò tíì dá mi lóhùn dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tí irú ẹ̀ ń wù, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475, 200cc ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n fún alùpùpù tó lè gba ọ̀nà ńlá. Lọ́jọ́ kìíní oṣù June 2022, wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Surulere, Eti-Osa, Lagos Mainland, Lagos Island àti Apapa. XR150L ò tó 200cc, ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró ò sì ní bi yín bóyá oko lẹ ń lọ.