Sísin ẹgbọrọ abo màlúù ní Òkè-Ògùn

Ẹgbọrọ abo màlúù ni abo màlúù tí kò tíì bímọ rí. Ní Òkè-Ògùn, agbègbè ọ̀dàn tí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wà nínú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá agbo tiwọn sílẹ̀ lè fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lára ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ ni màlúù funfun ti àwọn Fúlàní àti Kétékú, àdàlù Mùtúrù àti màlúù tó ní iké.

Kò yẹ kí akọ gun ẹgbọrọ kí ìwọ̀n rẹ̀ tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwọ̀n abo tó ti dàgbà tán. Bí ó bá lóyún ṣáájú ìgbà náà, ọmọ lè há sí i nídìí, kí ìyá tàbí ọmọ sì kú. Nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ó wà láàárín ìgbà tí ó fẹ́ akọ àti òmíràn. Oyún rẹ̀ sì ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án. Èyí tí akọ bá gùn ní oṣù keje yóò bí ní oṣù kẹrin, nígbà tí eruwà tútù ń hù.

Òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 ka dída ẹran káàkiri léèwọ̀. Nítorí náà, ọgbà àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe pàtàkì: koríko gbígbẹ, ewé ẹ̀pà, àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa kí májèlé inú rẹ̀ lè dínkù.