Kí A Tó Ra Ohun Ìjà, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ẹni Tí Yóò Máa Bá Sọ̀rọ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó wà nídìí ríra ohun èlò fún ìjọba báyìí, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prof, kí ló dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi máa ń kọ ìwé rẹpẹtẹ kí wọ́n tó ra ohun ìjà kan ṣoṣo?" Èsì rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síbí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1994, ní àríwá Ìráàkì, bàálù ogun F-15 méjì ti Amẹ́ríkà já hẹlikọ́pítà Black Hawk méjì lulẹ̀. Ti Amẹ́ríkà náà ni àwọn hẹlikọ́pítà yẹn! Èèyàn 26 ló kú: ará Amẹ́ríkà 15, àwọn yòókù sì jẹ́ ará Bìrìtìkó, Faransé, Tọ́kì àti àwọn Kurd.

Àṣìṣe tó fà á ju ẹyọ kan lọ. Àwọn awakọ̀ F-15 wo hẹlikọ́pítà náà, wọ́n rò pé ti Ìráàkì ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá nìyí: rédíò tí ọ̀tá kò lè dí ni F-15 ń lò, àwọn hẹlikọ́pítà kò ní irú rẹ̀. Ìlà rédíò tí kálukú wà lórí rẹ̀ yàtọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ hẹlikọ́pítà ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe èyí tí F-15 ń retí ní agbègbè yẹn. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ erékùṣù Grenada ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ kan ò rí rédíò fi bá ọkọ̀ ogun ojú omi sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń dá ra tirẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní igi gànganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìwé tí ọmọ mi ń béèrè nípa rẹ̀ ni òkèèrè yẹn. Information Support Plan ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ètò ìsọfúnni. Ohun tó ń béèrè kò le rárá. Ìsọfúnni wo ni ohun èlò yìí nílò kó tó lè ṣiṣẹ́? Ta ni yóò fún un? Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ yá tó? Èdè wo ni yóò fi dé? Ta ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ? Bí kò bá wá dé ńkọ́?

Ẹ wò ó báyìí: ká ní a ra ohun ìjà tó ń retí kí sátẹ́láìtì sọ ibi tí ọ̀tá wà fún un. Bí sátẹ́láìtì ọ̀hún bá pẹ́ ní ọdún méjì, ẹrù lásán la rà. Ìwé yìí ló yẹ kó tú àṣírí ìyẹn nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Ẹ má sì rò pé kí wáyà kan wáyà ti tó. Ẹ̀rọ méjì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè kan náà, kí ọ̀rọ̀ sì ní ìtumọ̀ kan náà létí àwọn méjèèjì. Ohun tí Link 16 wà fún nìyẹn láàárín bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó wà nílẹ̀. Àwọn ayẹ̀wò kan tún wà ní Fort Huachuca, Arizona, tó ń dán an wò bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kì í yanjú ọ̀rọ̀. F-22 àti F-35 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ṣíwájú nínú kíkọ́ méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà tí F-22 ń gbà bá F-22 sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kọ́ ni F-35 ń lò. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló fà á. Bàálù tó ń sá pamọ́ kò gbọ́dọ̀ pariwo, kálukú sì wá ọgbọ́n tirẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n tún ń ná lẹ́yìn náà láti wá ògbufọ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Lọ́dún 2021, Nàìjíríà gba A-29 Super Tucano 12 láti Amẹ́ríkà, ó sì gba JF-17 mẹ́ta láti Pakistan. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi ni pé kó béèrè èdè tí wọ́n ń sọ kó tó béèrè iye owó.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ́fíìsì tó ń gba owó ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ ra tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan san owó pé, orúkọ rẹ̀ ò dé òdìkejì, wọ́n sì lé e jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọdún kan gbáko ló fi ṣòfò. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ríra méjèèjì, kò sì sí ẹni tó béèrè nínú wa.

Ó dìgbà kan ná.