Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Ológeere láti Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ lọ́dún 1830, ọ̀nà etí òkun ni wọ́n ń wá, torí ibẹ̀ ni ọjà àti ohun ìjà ń gbà wọlé. Adó-Odò dínà mọ́ wọn, wọ́n sì dó ti ìlú náà fún ọdún púpọ̀. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó gba òmìnira kúrò lóko ẹrú ní Sierra Leone, gbà padà sílé. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, gba ibẹ̀ wọ Abẹ́òkúta ní January 1843. Ní ti Àjàyí Crowther, tí òun náà jẹ́ Sàró, Àgbádárìgì ló ti dúró fún ohun tó lé lọ́dún kan, torí Sódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti kú, ọ̀nà kò sì ṣeé gbà. August 1846 ló tó wọ Abẹ́òkúta. Nínú oṣù yẹn gan-an ló fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti yà wọ́n nípá láti 1821. Ẹni tó ń wa pẹ́dà ń ráyè ro irú ọ̀rọ̀ báyìí ju ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe gbà á

Wọn kò la ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Títì kan náà ni ẹ̀yin àti ọkọ̀ jọ máa lò. Láti Abẹ́òkúta, ẹ gba Ewékoro dé Pápálántò, kí ẹ yà sí ọ̀tún lọ sí Ìlaròó. Ibẹ̀ ni kí ẹ sùn, torí ìrìn àjò náà ju 100 kìlómítà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba Òwódé àti Àtàn dé Àgbárá, kí ẹ bọ́ sí títì Àgbádárìgì.

Ewékoro sí Ìlaròó ló le jù. Tírélà sìmẹ́ǹtì kì í tán lójú ọ̀nà yẹn. Bí ọ̀kan bá sáré kọjá lára yín, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún fà yín mọ́ra. Níbi tí ọ̀dà ti jẹ́ létí títì, táyà lè yọ̀ bọ́ sínú kòtò láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ gbéra ní ìdájí, ẹ tò tẹ̀lé ara yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dé akoto, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn. Bí tírélà méjì bá ń ya ara wọn sílẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí títì pátápátá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ mú túùbù àti pọ́ǹpù dání, torí fọ́kánáísà kì í sí láàárín oko.

Igbó ọba

Igbó ọba wà lágbègbè Ìlaròó. Ìjọba ló ni ín: ẹ má ṣe dáná níbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gé igi, ẹ má sì ra ẹran ìgbẹ́ létí ọ̀nà. Igbó tó kù nílẹ̀ wa kò tó nǹkan mọ́.

Ẹnu ibodè

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá sí Benin, ẹ ó dé ẹnu ààlà. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà á, tí ẹ̀gbọ́n fi bọ́ sí Ìdí-Ìrókò, tí àbúrò bọ́ sí Ìgólò ní Benin. Òfin ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo 90 ọjọ́ ní Benin láìgba físà, bó bá ní ìwé ìrìnnà. Ẹ mú káàdì ìlera aláwọ̀ ìyeyè tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Sèmè tàbí Ìdí-Ìrókò ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ yín han Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ inú igbó, ọ̀nà fàyàwọ́ ni. Bí wọ́n bá mú yín níbẹ̀, àlàyé yín kò ní wọ̀ wọ́n létí.

Ara yín

Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí orí bá ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí òógùn sì dá, oòrùn ti wọ̀ yín lára nìyẹn: ẹ wá ibòji, ẹ da omi sára, kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122, tàbí kí ẹ pe 112.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, a bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí oníkẹ̀kẹ́ níwájú, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ fún un láyè kí ẹ tó yà á sílẹ̀.