Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì àti Owó Tí Kì í Sùn Mọ́jú

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a ti kọ̀wé nípa àgbẹ̀, a ti kọ nípa tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, a sì ti kọ nípa àwọn ìyá wa tí ń tajà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí gbogbo wa ń fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́ tí a kò tí ì kọ nǹkan kan nípa wọn. Àwọn ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì. A fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ láti ìdájí di alẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí owó ṣe ń wọlé fún awakọ̀ àti bí ó ṣe ń jáde kò lè mọ ìdí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀ fi máa ń kú ní kékeré. Àwa tí a ń bójútó ẹgbẹ́ pàápàá pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n.

Oríta ni Kàbà. Ọ̀nà kan gba Ọbajànà lọ sí Lọ́kọ́ja, ọ̀kan lọ sí Òkènè, ọ̀kan gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí ìhà Ìlọrin, ọ̀kan sì gba ilẹ̀ Ìjùmú já sí Èkìtì. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó ń gbé èèyàn kiri. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ti wa ni láti ìlú dé ìlú.

Bí ó bá di aago márùn-ún ìdájí, awakọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Lọ́kọ́ja ti wà ní gáréèjì. Kì í ṣe pé èrò ti dé o. Ó wá kọ orúkọ ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ ni yóò kọ́kọ́ kó èrò. Ẹni tí ó bá ṣe ìkẹfà yóò dúró títí ọkọ̀ márùn-ún yóò fi kún kí tọ́ọ̀nù tó kàn án. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ á tètè kún. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, tí kò sì sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní ìlú kankan, awakọ̀ lè jókòó láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ àtàrí kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀.

Ohun tí àwa èrò kì í sábà rò nìyí. A máa ń rò pé ọwọ́ tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú ni iṣẹ́ awakọ̀. Ìdúró ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ń sanwó ìdúró fún un. Kò lè lọ sí oko, kò lè lọ sílé lọ sùn, nítorí bí tọ́ọ̀nù bá kàn án tí kò sí ní ìtòsí, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kó èrò. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹun, níbẹ̀ ni yóò ti tòògbé lórí ìjókòó ọkọ̀, níbẹ̀ náà sì ni àwọn tí ń ta paraga ti ń bá a. A kò gbe ẹni tí ń mu paraga kí ó tó wakọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì gbọdọ̀ gbè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó wákàtí mẹ́fà lórí àga onígi rí yóò mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá kó èrò tán, ojú ọ̀nà ló kù. Láti Kàbà dé Ọbajànà, ọ̀nà oníkọnkéré ni wọ́n ṣe, kìlómítà 43, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ kòtò. Ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ni wọ́n jọ ń rìn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò sì ní jà pẹ̀lú tírélà. Yàtọ̀ sí èyí, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti gé ọjọ́ iṣẹ́ kúrú. Awakọ̀ tí ó ní làákàyè kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà mọ́. Bí tọ́ọ̀nù kò bá kàn án ní Lọ́kọ́ja kí ọ̀sán tó pọ́n jù, ó di kí ó sùn síbẹ̀, tàbí kí ó fi ọkọ̀ tí kò kún padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀nà mẹ́ta ni awakọ̀ pín sí. Àwọn kan ni ó ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Wọn kò pọ̀. Àwọn kan ń ra ọkọ̀ tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọlọ́kọ̀, èyí tí gbogbo gáréèjì ń pè ní háyà pọ́ṣéèsì. Àwọn tí ó kù ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, wọ́n á sì máa san iye kan pàtó fún un lójoojúmọ́. Iye yìí kì í yí padà. Èrò pọ̀ o, èrò kò pọ̀ o, iye tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí ni ọlọ́kọ̀ ń retí ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ó lè yé wa. Ká ní bọ́ọ̀sì gba èrò 14, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san 3,000 náírà. Àlọ jẹ́ 42,000. Bí ó bá kún ní àbọ̀ pẹ̀lú, àpapọ̀ di 84,000. Ká ní epo gba 24,000, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì méjèèjì, owó àwọn tí ń kó ẹrù àti ohun tí awakọ̀ ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà gba 10,000. Ká ní ọlọ́kọ̀ ń gba 30,000. Ohun tí ó kù fún awakọ̀ ni 20,000. Nínú rẹ̀ ni yóò ti fún ọmọ ọkọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti sanwó fún ẹni tí ń lẹ táyà. Síbẹ̀, ẹ lè sọ pé kò burú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èrò àbọ̀ jẹ́ méje péré. Àbọ̀ di 21,000, àpapọ̀ di 63,000. Epo kò dínkù, nítorí ọkọ̀ tí kò kún náà ń mu epo. Gáréèjì kò dínkù. Ọlọ́kọ̀ kò dínkù. Ẹ yọ 24,000, ẹ yọ 10,000, ẹ yọ 30,000. Awakọ̀ jẹ gbèsè 1,000 náírà lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá, kò sì tí ì jẹun. Ìyàtọ̀ èrò méje péré ni. Nínú ọjọ́ méjèèjì yìí, ọlọ́kọ̀ gba 30,000 tirẹ̀ pé. Gbogbo ewu ọjà, ewu epo àti ewu òjò, orí awakọ̀ nìkan ni ó wà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń sáré, ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń kó ènìyàn mẹ́rin sí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Nígbà tí a bá ń bú u, kí a rántí ìṣirò yìí.

Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye lítà kan tí kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba kọjá 500 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ gòkè. Àwọn kan nínú àwọn tí ń lọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́kọ̀ náà fi kún tirẹ̀, nítorí táyà àti páàtì ti wọ́n. A kò sọ pé ọlọ́kọ̀ jẹ́ ènìyàn búburú. Òmíràn nínú wọn jẹ́ opó tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ ra bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa tí a ń bójútó ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn awakọ̀ kan kọ́kọ́ tọ̀ wá wá pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, òfin tí a fi ń kọ́ àwọn tíṣà ni a gbé fún wọn. A ní kí wọ́n máa mú owó wá ní òpin oṣù. Ní oṣù kìíní, owó wọlé. Ní oṣù kejì, ìdajì wọn ni ó wá. Ní oṣù kẹta, a jókòó pẹ̀lú ìwé wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí ẹni tí ó yọjú. A kọ ọ́ sínú ìròyìn wa pé awakọ̀ kò mọ owó í fi pamọ́. Àgbàlagbà awakọ̀ kan ni ó là wá lójú. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó ń gba owó oṣù nínú wa? Owó tiwa kì í sùn mọ́jú. Bí ẹ kò bá gbà á lọ́wọ́ wa kí a tó kúrò ní gáréèjì, ẹ kò ní rí i mọ́.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí tọ̀nà. Owó òṣìṣẹ́ ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a sì lè yọ tiẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Owó awakọ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ó wà lápò rẹ̀: iyàwó, mẹ́káníkì, àna, ẹni tí ń ta paraga. Àwọn baba wa tí ó dá àjọ sílẹ̀ mọ èyí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa gba owó lójoojúmọ́, níwọ̀nba, nígbà tí ọkọ̀ bá kún tí ó sì kù díẹ̀ kí ó gbéra. Ọjọ́ tí kò bá sí tọ́ọ̀nù, kò sí owó, a kò sì gbọdọ̀ bu ìtanràn lé e. Kí a kọ iye náà sínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ lójú rẹ̀, kí a sì kó owó lọ sí báńkì ní ọjọ́ kejì ó pẹ́ tán.

Ohun kejì le ju èyí lọ. Ẹni tí ń gba owó alájẹṣẹ́kù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakọ̀, NURTW, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní owó tirẹ̀. Owó alájẹṣẹ́kù jẹ́ ti ẹni tí ó dá a. A yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò rí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí àpótí kan ṣoṣo ti ń gba owó méjèèjì. A rí owó àlejò, a rí owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a rí owó tí wọ́n fi pàdé olóṣèlú kan lójú ọ̀nà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti fi owó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá láti fi ra ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a sọ fún un pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ní òun ti fura tẹ́lẹ̀, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí tọ́ọ̀nù ti kàn án. A kò rí i ní ìpàdé ẹgbẹ́ kankan láti ọjọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé awakọ̀ kò lè ṣe nǹkan ńlá pọ̀. Ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun ń gbé, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àwọn ará NURTW dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ náà yá owó ní báńkì láti fi ra bọ́ọ̀sì ńláńlá 100. Awakọ̀ tí ó ti ń sá kiri pẹ̀lú dánfó wá di ẹni tí ń gba owó oṣù. Nígbà tí ó di 2015, ilé iṣẹ́ mìíràn, Primero, ni ó gba ọ̀nà náà pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ń gbó. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ra bọ́ọ̀sì ni ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ìpààrọ̀ rẹ̀ pamọ́, yàtọ̀ sí owó àpamọ́ tí òfin ní kí a yọ nínú èrè lọ́dọọdún. Kí a má ṣe pín èrè ọdún kìíní tán nítorí pé ọkọ̀ ṣì ń dán.

Ní Kẹ́ńyà, láti 2010 ni ìjọba ti ní kí àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní matatu wọ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó lè gba ìwé àṣẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wọn ṣì ń san iye kan pàtó lálaalẹ́ bíi ti Kàbà. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ra bọ́ọ̀sì, kí ẹ tètè pinnu bí ẹni tí yóò wà á yóò ṣe máa gba tirẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pín ohun tí ó bá wọlé lẹ́yìn epo sí ìdá-ìdá láàrin ẹgbẹ́ àti awakọ̀, kí ọjọ́ tí kò dára lè ká àwọn méjèèjì mọ́.

Ẹni mẹ́wàá tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa dá lójúmọ́ sínú ìwé kan. Ẹ yan alága, akọ̀wé àti akápò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. A mọ̀ pé bí awakọ̀ bá wá sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ti pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀ nìyẹn. Kí akọ̀wé yín sọ ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀ fún wa, a ó kó fọ́ọ̀mù wá bá yín ní gáréèjì.